Aràn Inú Ẹran Ọ̀sìn: Olè Tí Ń Jẹ Owó Ẹgbẹ́

Ẹ̀kọ́ wa ní ìgbà yìí dá lórí ohun kan tí ó fara pamọ́, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ ewúrẹ́, tí ó ń jẹ àgùntàn, tí ó sì ń jẹ owó tí ẹgbẹ́ yá ọmọ ẹgbẹ́. Ohun náà ni aràn inú ẹran. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé, kí ó rọra kà á, kí ẹ sì jọ dáhùn àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

Àṣìṣe olùbẹ̀wò

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, n óò kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe kan tí èmi fúnra mi ṣe. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò ní agbègbè wa yìí, láàárín Ilé-Ogbó àti Ìwó. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ti yá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjìlá lówó láti ra ewúrẹ́ àti àgbò tí wọn yóò sìn títí di Iléyá. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, owó ń wọlé déédéé. Nígbà tí òjò wá rọ̀ dáadáa, owó dáwọ́ dúró. Àwọn mẹ́jọ nínú méjìlá ni kò san nǹkan kan mọ́. Nígbà tí a bi wọ́n, gbogbo wọn ní ẹran àwọn ti kú.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń rí létí olùbẹ̀wò. Mo rò pé wọ́n ti ta ẹran náà, wọ́n sì ti ná owó rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò pé wọ́n ná owó ẹgbẹ́ ní ìnákúnàá, mo sì gba ìgbìmọ̀ níyànjú pé kí wọ́n yọ owó náà lára ìfipamọ́ àwọn onídùúró.

Bí mo ti ń palẹ̀ mọ́ láti máa lọ, màmá àgbàlagbà kan tí ó wà lára àwọn mẹ́jọ náà dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ máà bínú. Kí ẹ tó lọ, ẹ wá wo ohun tí ó jẹ owó ẹgbẹ́." Ó mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó fi ibi tí ó sin ẹran mẹ́rin sí hàn mí. Èyí tí ó kẹ́yìn ṣì wà láàyè, ó dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú bí ẹni gbé omi sẹ́nu, kò lè dìde.

Ní ọjọ́ kejì a ké sí dókítà ẹran. Nígbà tí ó yẹ ẹran náà wò tí ó rí i pé ẹ̀pa kò bóró mọ́, ó dúnbú rẹ̀, ó sì la àpòlúkù rẹ̀ kẹrin, èyí tí ó so mọ́ ìfun, lójú gbogbo wa. Ohun tí a rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí òwú pupa àti funfun tí a lọ́ pọ̀, wínníwínní, wọn kò gùn ju oríkèé ìka kan lọ, wọ́n sì ń yí kiri. Wọn kò ṣe é kà. Ẹ̀jẹ̀ ẹran náà fẹ́rẹ̀ dà bí omi tí a fi ṣan ẹran.

Mo padà sínú ìwé àbẹ̀wò, mo fa igi lé ohun tí mo kọ, mo sì buwọ́ lù ú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó ti jáde lẹ́nu kò ṣe é kó padà. Àbúrò màmá náà, ọmọ ìyá rẹ̀, ni ó dúró fún un. Ó ti bínú kúrò nínú ẹgbẹ́ kí òtítọ́ tó hàn, kò sì padà wá. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ẹ̀kọ́ yìí. Àìmọ̀ ni ó pa ẹran, àìmọ̀ náà ni ó sì tú ẹbí ká.

Irú aràn wo ni èyí?

Oríṣiríṣi aràn ni ó ń gbé inú ẹran. Ẹ̀yin alápatà mọ aràn pẹlẹbẹ tí ó ń gbé inú ẹ̀dọ̀ màlúù àti àgùntàn tí ó jẹ̀ ní àbàtà; ara ìgbín kékeré inú omi ni ó ti ń dàgbà kí ó tó bọ́ sára koríko. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹlẹ́dẹ̀ mọ ejò inú, èyí tí abo rẹ̀ kan lè yé ẹyin tí ó ju 200,000 lọ ní ọjọ́ kan, tí ẹyin náà sì lè wà láàyè nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A sì ń rí aràn tẹ́ẹ́rẹ́ olóríkèé, tí kélekèle rẹ̀ máa ń dà bí ìrẹsì sísè lára ìmí ọmọ ewúrẹ́. Èyí a máa dẹ́rù bani lójú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ń pa ẹran jù.

Èyí tí ó burú jù lọ fún ewúrẹ́ àti àgùntàn wa ni aràn amẹ̀jẹ̀ tí a rí nínú àpòlúkù kẹrin yẹn. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é ni Haemonchus contortus. Ibi gbogbo tí ooru àti òjò bá ti pàdé ní ayé ni ó wà, láti ilẹ̀ wa títí dé Gúúsù Áfíríkà àti Ọsirélíà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò owó ẹgbẹ́. Aràn kan ṣoṣo ń mu ẹ̀jẹ̀ tí ó tó ìdá ogún mílílítà kan ní ojúmọ́. Ẹ ó sọ pé kí ni ìyẹn? Bí 1,000 bá wà nínú ewúrẹ́ kan, wọ́n ń mu mílílítà 50 lójúmọ́, èyí tí ó tó ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì mẹ́wàá. Ní ogún ọjọ́, ó di lítà kan gbáko. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa tí ó wọn kílò 20 kò ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ara ẹran a máa sá eré láti dá ẹ̀jẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti rí i bí kò bá jẹun yó?

Abo aràn yìí kan a sì máa yé ẹyin tí ó tó 5,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ojúmọ́. Bí ìdajì 1,000 yẹn bá jẹ́ abo, ẹyin 2,500,000 ni ewúrẹ́ kan ṣoṣo yóò máa ya sílẹ̀ ní ọjọ́ kan. Kò sí olówó èlé tí owó rẹ̀ ń bí tó báyìí.

Bí ó ti ń kó ran ẹran

Ẹyin náà á bá ìmí ẹran bọ́ sílẹ̀. Ní àsìkò òjò, nígbà tí ilẹ̀ tutù tí ooru sì wà, ọmọ aràn á pa nínú ìmí náà, nígbà tí yóò bá sì fi tó ọ̀sẹ̀ kan, ó ti di èyí tí ó lè kó ran ẹran. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i. Bí ìrì bá sẹ̀ sórí koríko, á máa lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ìrì náà gun ara ewé koríko lọ sókè. Ẹran tí ó bá jẹ koríko yẹn ti gbé e mì. Nígbà tí yóò bá fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti di géńdé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin tirẹ̀. Nítorí náà, láti orí ìmí dé orí ìmí, kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ.

Ẹ wo ohun méjì tí èyí kọ́ wa. Èkínní, oòrùn àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni ọ̀tá ọmọ aràn. Ìdí nìyí tí àìsàn yìí fi ń pọ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀ẹ̀rùn ń pa gbogbo rẹ̀. Ìwádìí tí a ṣe ní Zaria láàárín ọdún 1970 sí 1979 fi hàn pé ọmọ aràn a máa sùn sínú ẹran ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn láìdàgbà, á sì jí nígbà tí òjò bá ń padà bọ̀. Ara ẹran ni ó ti ń dúró de òjò.

Ẹ̀kejì, ìsàlẹ̀ koríko ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọmọ aràn máa ń wà. Wọn kì í gun igi. Ewúrẹ́ tí ó bá ń jẹ ewé tí ó wà lókè kì í kó aràn tó èyí tí ó ń họ ilẹ̀ jẹ. Ewúrẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ẹran tí ń jẹ ewé igi. Àwa ni a so ó mọ́lẹ̀ síbi kan náà lójoojúmọ́, tí ó ń jẹ níbi tí ó ń yàgbẹ́ sí.

Àmì tí a fi ń mọ̀ ọ́n

1. Ẹran á máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun. Irun rẹ̀ á máa dúró ṣánṣán, kò ní dán.
2. Á máa rẹ̀ ẹ́. Bí agbo bá ń lọ, òun ni ó ń bẹ lẹ́yìn.
3. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lè wú, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́. Omi ni ó gbá jọ síbẹ̀ nítorí pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣàn jù.
4. Inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á funfun. Èyí ni àmì tí ó dájú jù.
5. Ó lè ṣu gbuuru, ṣùgbọ́n aràn amẹ̀jẹ̀ yìí lè pa ẹran kí ìmí rẹ̀ má bàjẹ́ rárá. Ẹ má dúró de ìgbẹ́ gbuuru kí ẹ tó gbé ìgbésẹ̀.

Lórí àmì kẹrin yìí, àwọn dókítà ẹran ní Gúúsù Áfíríkà ṣe káàdì kan ní nǹkan bí ọdún 1990 sí 1999, tí wọ́n ń pè ní FAMACHA. Àwọ̀ márùn-ún ni ó wà lórí rẹ̀, láti orí pupa fòò tí í ṣe ìkínní títí dé funfun báláú tí í ṣe ìkarùn-ún. Olùsìn á fi àtàǹpàkò rọra ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ ẹran, á sì fi inú rẹ̀ wé káàdì náà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Èyí tí ó bá wà ní ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún gbọ́dọ̀ gba oògùn lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ó bá wà ní ìkẹta, kí a wò ó dáadáa. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ẹran, tàbí ó lóyún, tàbí ó ń fún ọmọ lọ́mú, kí a fún un. Èyí tí ó bá pupa dáadáa, kí a fi sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹran díẹ̀ nínú agbo ni ó máa ń ru ọ̀pọ̀ jù lọ nínú aràn agbo náà.

Kì í ṣe gbogbo ikú ẹran ni ti aràn. Bí ara ẹran bá gbóná lójijì, tí ikun ń dà ní imú, tí ojú ń ṣe ipin, tí ẹnu ní egbò, tí ó sì ń ṣu gbuuru, tí púpọ̀ nínú agbo sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, àrùn àjàkálẹ̀ tí a ń pè ní PPR ni kí ẹ fura sí. Oògùn aràn kò ràn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ààbò rẹ̀, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Vom, tí ó ti wà láti ọdún 1924, sì ń ṣe é. Aràn máa ń pani díẹ̀díẹ̀. PPR máa ń gbá agbo lọ.

Ọ̀rọ̀ oògùn

Títí di ọdún 1961 tí oògùn thiabendazole dé, ohun líle tí ó lè ṣe ẹran fúnra rẹ̀ ní jàǹbá ni wọ́n fi ń lé aràn. Lẹ́yìn náà ni levamisole àti albendazole dé, nígbà tí ó sì di 1981, ivermectin dé ọjà. Àwọn méjì tí iṣẹ́ wọn mú ivermectin jáde, William Campbell àti Satoshi Ōmura, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2015. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé oògùn Mectizan mì nítorí àrùn tí ń fọ́ni lójú létí odò, oògùn kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu èyí tí a ṣe fún ẹran.

Oògùn dára, ṣùgbọ́n àwa ni a ń bà á jẹ́. Ẹ kíyè sí ìwọ̀nyí:

Èkínní, ẹ wọn ẹran kí ẹ tó fún un lóògùn. Oògùn tí kò tó kì í pa aràn tí ó lágbára. Aláìlera nìkan ni ó ń pa. Àwọn tí ó yè á wá yé ẹyin, ọmọ wọn kò sì ní gbọ́ oògùn yẹn mọ́. Báyìí ni ó ti ṣẹlẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, tí àwọn agbo kan wà tí oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ran aràn wọn mọ́. Ẹni tí ó pín oògùn ewúrẹ́ kan fún mẹ́ta kò fi owó pa mọ́, ó ń kọ́ aràn ní ogun jíjà ni.

Ẹ̀kejì, ewúrẹ́ kì í ṣe àgùntàn. Ara ewúrẹ́ tètè ń lo oògùn tán, nítorí náà, ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń ju ti àgùntàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn oògùn kan wà, bí levamisole, tí ó jẹ́ pé bí ó bá pọ̀ jù, ó lè pa á. Ẹ bi dókítà ẹran.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fún ewúrẹ́ tàbí àgùntàn tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù kan lọ ní albendazole. Ó lè ba ọmọ inú rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ń da oògùn sí ẹran lẹ́nu, ẹ má gbé orí rẹ̀ sókè jù. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, kí ó lọ sí ẹ̀yìn ahọ́n. Bí ó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ẹ ti pa á.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ka ara ìgò. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ pé kí a tó pa ẹran náà jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àgbò lọ sí ọjà Odò-Orí ní Ìwó nítorí Iléyá, kí ó ti ka ọjọ́ náà sẹ́yìn dáadáa.

Àwọn kan máa ń bi mí nípa ewé àti egbò ilẹ̀ wa. N kò bú u. Ṣùgbọ́n ẹran tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ti funfun báláú kò ní àkókò tí a fi ń dán nǹkan wò.

Ohun tí kò ná wa lówó

Ẹ má tú ẹran sílẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Ẹ jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Ẹ má so ó mọ́ ojú kan lójoojúmọ́. Ẹ ṣá ewé odán, ewé ìyeyè tàbí ewé agúnmániyè, kí ẹ so ó kọ́ sókè fún wọn. Ní nǹkan bí ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ ILCA ní Ìbàdàn nígbà náà kọ́ àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n gbin agúnmániyè sáàárín oko fún oúnjẹ ẹran àti fún ọ̀rá ilẹ̀. Èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí ẹ sá gbẹ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ má dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Inú agbada tàbí ọpọ́n ni kí ẹ bù ú sí. Ẹ máa gbá ilé ẹran lóòrèkóòrè, kí ẹ kó ìmí wọn jọ sínú kòtò kí ó jẹrà kí ó tó dé oko. Ẹran tí ó bá yó máa ń bá aràn jà. Ewúrẹ́ kúkurú ilẹ̀ wa ní agbára ìjà náà láti ilẹ̀, ebi ni ó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹgbẹ́

Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe é. Ewúrẹ́ mi ń jẹ̀ dé àgbàlá yín, tiyín ń jẹ̀ dé tèmi. Bí mo bá fún tèmi lóògùn tí ẹ̀yin kò fún tiyín, láàárín oṣù kan, aràn ilé yín ti dé ilé mi. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Mo dábàá báyìí fún gbogbo ẹgbẹ́ tí ń yá owó fún ẹran sísìn:

1. Kí ìgbìmọ̀ má yá owó ẹran láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn ti wo ilé ẹran náà.
2. Kí ẹgbẹ́ ra òṣùwọ̀n kan àti oògùn papọ̀ lọ́wọ́ dókítà ẹran. Iye rẹ̀ á dín, ojúlówó sì ni yóò jẹ́.
3. Kí a yan ọjọ́ kan nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, àti òmíràn nígbà tí ó bá ń parí, tí a óò yẹ ojú gbogbo ẹran wò. Láàárín òjò, kí olúkúlùkù máa yẹ tirẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì.
4. Kí ẹran tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó dàpọ̀ mọ́ ti ilé.
5. Bí ẹran tí a fi owó ẹgbẹ́ rà bá ń ṣàìsàn, kí ẹni tí ó yá owó sọ fún akọ̀wé àti onídùúró rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá kú, kí wọ́n rí i kí a tó sin ín, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìkarùn-ún yìí. Bí ó bá ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tí mo sọ lókè, èmi ìbá má kọ ohun tí mo kọ, ọmọ ìyá méjì ìbá sì máa kí ara wọn títí di òní. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ náà sún ọjọ́ owó síwájú fún àwọn mẹ́jọ náà, wọ́n sì san án tán lẹ́yìn ọdún kan àti oṣù díẹ̀. Màmá wa ti padà ra ewúrẹ́. Òun ni ó ń di òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ mú lọ́jọ́ àyẹ̀wò.

Ìbéèrè fún ìpàdé

1. Kí ló dé tí aràn fi ń pa ẹran ní àsìkò òjò ju ẹ̀ẹ̀rùn lọ?
2. Bí ewúrẹ́ kan bá ní aràn amẹ̀jẹ̀ 600, ẹ̀jẹ̀ mílílítà mélòó ni wọn yóò mu ní ọjọ́ mẹ́wàá?
3. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹran tí aràn ń pa àti èyí tí PPR mú?
4. Kí ni ewu tí ó wà nínú fífún ẹran ní oògùn tí kò tó?
5. Nínú àbá márùn-ún tí ó wà lókè, èwo ni ẹgbẹ́ yín lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù yìí? Ta ni yóò bójú tó o?

Kí ẹ kọ ìdáhùn ìbéèrè karùn-ún sínú ìwé ìpàdé. N óò béèrè rẹ̀ nígbà tí mo bá dé.

Ire o.